Kámẹ́rà Tó Ń Sùn Nígbà Tí Olè Bá Jí: Wáyà Kan Ṣoṣo Lè Gbé Àwòrán, Kó Sì Gbé Iná

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ìyẹn ló mú kí ọ̀pọ̀ onílé l'Ékòó, n'Íbàdàn àti l'Ábẹ́òkúta máa ra kámẹ́rà, tí wọ́n ń kàn án mọ́ orí géètì, mọ́ ẹ̀yìnkùlé, mọ́ igun ilé. Wọ́n á máa wò ó lórí fóònù níbi iṣẹ́, inú wọn á sì máa dùn pé ilé wà lábẹ́ ìṣọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí NEPA mú iná lọ ní aago méjì òru. Kámẹ́rà á pa ojú dé. Àpótí tó ń gba àwòrán sílẹ̀ á kú. Ráútà tó ń gbé àwòrán lọ sórí fóònù, òun náà á kú. Àsìkò tí òkùnkùn bo gbogbo àdúgbò, tó jẹ́ pé ìgbà náà gan-an ni olè ń rìn, ni ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n fi owó gidi rà á máa hanrun. Olè tó gbọ́n ò nílò kó fọ́ kámẹ́rà kankan. Sùúrù ló nílò.

NEPA tí gbogbo ayé ń dárúkọ yìí, orúkọ lásán ló kù o. Ọdún 1972 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ó di PHCN lọ́dún 2005, nígbà tó sì di oṣù kọkànlá ọdún 2013, ìjọba fa iṣẹ́ pínpín iná lé àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́. Síbẹ̀, bí iná bá dé, ọmọ tí wọn ò tíì bí nígbà NEPA ni yóò kọ́kọ́ fò sókè pé "Up NEPA!" Orúkọ yí padà, òkùnkùn ò yí padà.

Kì í ṣe pé àwọn ènìyàn káwọ́ gbera. Ẹlòmíràn ní jẹnẹrétọ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò jẹ́ kí jẹnẹrétọ̀ máa ké títí di ìdájí nítorí kámẹ́rà, pẹ̀lú iye tí epo ń jẹ́ láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023? Ẹlòmíràn ní ínfátà, ṣùgbọ́n inú pálọ̀ ni ínfátà wà, orí géètì ni kámẹ́rà wà. Oníṣẹ́ tó kàn án ti já iná rẹ̀ látara gílóòbù ìta, gílóòbù ìta ò sì sí lára ohun tí ínfátà ń gbé. Wọ́n ní ínfátà nínú ilé, ojú ilé ṣì fọ́.

Ilé tó ní kámẹ́rà mẹ́rin, ráútà kan, àpótí ìgbàwòrán kan àti ẹ̀rọ Wi-Fi kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, àdápítọ̀ méje ló ní nìyẹn. Ibi méje ni wọ́n ti ń wá iná. Bí ọ̀kan bá jó, kò sí ẹni tó máa mọ̀ títí di ọjọ́ tí wọ́n bá nílò àwòrán.

Ọ̀nà àbáyọ wà, kò sì jìnnà. Wáyà tó ń gbé àwòrán bọ̀ láti ara kámẹ́rà, òun fúnra rẹ̀ lè gbé iná lọ bá kámẹ́rà náà. PoE ni àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pè é. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kò sí àdápítọ̀ lórí géètì mọ́, kò sí jíjá iná látara gílóòbù. Ibì kan ṣoṣo ni iná ti ń jáde, ibì kan náà ni bátìrì ń gbé. Tí bátìrì yẹn bá ti wà láàyè, gbogbo ojú ilé là sílẹ̀.

TẸLIFÓÒNÙ OLÓWÁYÀ TI ṢE É RÍ

Ẹni tó bá rò pé idán tuntun nìyí, kó lọ bi àwọn àgbà tó lo tẹlifóònù olówáyà rí, yálà láyé P&T tàbí lẹ́yìn tí wọ́n dá NITEL sílẹ̀ lọ́dún 1985. Iná lè lọ kó má dé fún ọjọ́ mẹ́ta, tẹlifóònù á ṣì máa dún, bí ẹnikẹ́ni ò bá ti gé wáyà rẹ̀ tà lóru. Ta ló fi àdápítọ̀ sí i? Kò sẹ́nìkan. Níbo ló ti ń rí iná? Láti ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù náà ni. Yàrá kan wà níbẹ̀ tó kún fún bátìrì ràgàjì-ràgàjì, fóólìtì 48 ló ń ti ibẹ̀ jáde, ó sì ń gba wáyà tín-ínrín méjì wọ pálọ̀ oníbàárà. Wáyà tó gbé ohùn náà ló gbé iná. Nígbà tí fóònù alágbèéká GSM dé lọ́dún 2001, tí oníkálùkù bẹ̀rẹ̀ sí í gbé bátìrì tirẹ̀ sínú àpò, àwọn ènìyàn gbàgbé ọgbọ́n yẹn pátápátá.

Àwọn tí kò gbàgbé ni àwọn tó ń ṣe tẹlifóònù fún ọ́fíìsì l'Amẹ́ríkà. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ ńláńlá bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà kọ̀ǹpútà ṣe tẹlifóònù, wọ́n rí i pé tẹlifóònù tuntun ń kú bí iná bá lọ, ohun tí ti àtijọ́ kì í ṣe. Ìtìjú ni. Lọ́dún 2000, ilé-iṣẹ́ Cisco gbé ẹ̀rọ jáde tó ń fi iná ránṣẹ́ lórí wáyà kọ̀ǹpútà. Lọ́dún 2003, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní IEEE ṣe òfin kan tí gbogbo ilé-iṣẹ́ lè tẹ̀lé, kí ẹ̀rọ ẹni kan lè bá ti ẹlòmíràn ṣiṣẹ́. Wáàtì 15.4 ni ihò kọ̀ọ̀kan lè fi ránṣẹ́ nígbà náà. Lọ́dún 2009 ó di 30, lọ́dún 2018 ó di 90. Fóólìtì tí wọ́n sì mú ńkọ́? Bíi 48 náà ni, bíi ti tẹlifóònù olówáyà.

Wáyà tí ọ̀rọ̀ kàn yìí ni wáyà íntánẹ́ẹ̀tì tó sábà ń jẹ́ aláwọ̀ búlúù tàbí eérú, tí wọ́n kọ Cat5e tàbí Cat6 sí lára. Ẹni tó bá bó o yóò rí okùn tín-ínrín mẹ́jọ nínú rẹ̀ tí wọ́n lọ́ ní méjì-méjì, okùn kọ̀ọ̀kan ò ju nǹkan bí ìdajì mìlímítà lọ ní fífẹ̀. Ibi tí gbogbo wáyà inú ilé ti ń pàdé ni àpótí pẹlẹbẹ kan tó ní ihò márùn-ún, mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Switch ni wọ́n ń pè é, kì í ṣe switch tí à ń tẹ̀ lára ògiri o. Èyí tó bá jẹ́ oní-PoE nínú wọn ló ń fi iná ránṣẹ́.

Iná àti àwòrán ò ha ní jà nínú wáyà kan? Wọn ò jà. Iná náà dúró sójú kan bíi ti bátìrì, ọ̀rọ̀ sì ń gbọ̀n lórí rẹ̀ ní kíákíá. Bí wọ́n bá dé ìdí kámẹ́rà, ẹ̀rọ kékeré kan á yà wọ́n sọ́tọ̀ bí ẹni ń sẹ́ ògì.

KÍ LÓ DÉ TÓ FI JẸ́ 48?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ti ń ṣi ẹsẹ̀ gbé, kò sì yẹ kí onílé fi sáré kọjá. Kámẹ́rà púpọ̀ ló jẹ́ pé fóólìtì 12 ni wọ́n ń jẹ. Oníṣẹ́ á ní, "Ṣebí wáyà mẹ́jọ ló wà nínú ẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi méjì nínú wọn gbé 12 lọ sí géètì." Ó ṣe é tán, kámẹ́rà tàn, ó gba owó rẹ̀, ó lọ. Ọ̀sán ni o. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, tí kámẹ́rà tan iná pupa tó fi ń ríran nínú òkùnkùn, ó kú. Ó tún jí. Ó tún kú. Onílé á ní kámẹ́rà Ṣáínà ni kò dáa.

Kámẹ́rà kọ́. Ẹ fojú inú wo alábàárù tó ń kó iṣu gba ọ̀nà tóóró kan kọjá nínú ọjà. Bí alábàárù kọ̀ọ̀kan bá ru iṣu 12, wọ́n á pọ̀ lójú ọ̀nà, wọ́n á máa fara gbúnra, agbára wọn á tán síbẹ̀. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ru 48, ìdá kan nínú mẹ́rin èrò ni ọ̀nà nílò, ẹrù tó dé ò sì dín. Fóólìtì ni ẹrù orí alábàárù kọ̀ọ̀kan. Nínú wáyà, àǹfààní rẹ̀ tilẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ: bí èrò ọ̀nà bá dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin, ooru tó ń ṣòfò dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún.

Kámẹ́rà tó ń jẹ wáàtì 6, tó wà ní mítà 50 sí ilé, bí wọ́n bá fi okùn kan gbé 12 lọ bá a tí òmíràn sì gbé e padà, fóólìtì bíi 4 tàbí 5 lè sọnù lójú ọ̀nà. Èyí tó kù, bíi 7, kò lè bọ́ kámẹ́rà náà lóru. Fi 48 rán an lórí wáyà kan náà, fóólìtì 1 àti díẹ̀ ni yóò sọnù, kámẹ́rà ò tilẹ̀ ní mọ̀. Mítà 100 ni òfin gbà fún wáyà yìí, ìyẹn sì ju ọ̀nà láti pálọ̀ dé géètì lọ ní ọ̀pọ̀ ilé.

ÈYÍ TÓ Ń BÉÈRÈ ÀTI ÈYÍ TÍ KÌ Í BÉÈRÈ

Switch tó tẹ̀lé òfin IEEE kì í ṣàdédé da iná lu ẹnikẹ́ni. Ó dà bí máígàdì tó gbọ́n. Kó tó fi 48 sílẹ̀, yóò kọ́kọ́ fi iná kékeré tí kò tó fóólìtì 11 kan ilẹ̀kùn pé ta nìyẹn? Nǹkan kékeré kan wà nínú kámẹ́rà oní-PoE tí wọ́n ṣe láti máa dáhùn pé èmi ni o, iye wáàtì báyìí ni mò ń jẹ. Bí kò bá gbọ́ ìdáhùn, kò ní fi iná sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí ọmọ bá fi wáyà kọ̀ǹpútà rẹ̀ bọ ihò náà, kò sí ohun tí yóò ṣe kọ̀ǹpútà. Bí ẹnìkan bá sì fa wáyà yọ, iná inú rẹ̀ á ti kú kí èèyàn tó ṣẹ́jú.

Èyí tí kì í béèrè ni kí wọ́n ṣọ́ra fún. Àwọn àpótí kékeré kan wà lọ́jà, òmíràn ń mú 24 jáde, òmíràn 48. Bí wọ́n bá ti fi bọ iná, wọ́n ti ń tú u sínú wáyà nìyẹn, ẹni yòówù tó bá wà ní ìdí kejì. Wọ́n ní iṣẹ́ tí wọ́n wà fún, àwọn ẹ̀rọ Wi-Fi orí òpó kan wà tó jẹ́ irú wọn ni wọ́n ń lò. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi irú àpótí bẹ́ẹ̀ bọ ẹ̀rọ tí kò mọ̀ ọ́n, kó má yà á lẹ́nu bí ó bá gbọ́ òórùn. Lára páálí ló yẹ kéèyàn ti wò ó: kí wọ́n kọ 802.3af, 802.3at tàbí 802.3bt sí i. Bí kò bá sí èyíkéyìí níbẹ̀, tí ọlọ́jà ń búra pé "PoE náà ni, ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí gbọ́", kí ẹ̀gbọ́n rọra dá a padà.

Starlink tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà lóṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń gbé iná àti ọ̀rọ̀ lórí wáyà kan gòkè lọ bá àwo orí òrùlé. Àmọ́ ọ̀nà tirẹ̀ ló ń gbà, kì í ṣe ti òfin yìí. Àpótí iná tó bá a wá ni kó máa jẹ.

WÁYÀ TÓ JẸ́ BÀBÀ NÍTA NÌKAN

Owó pọ́ọ́kú ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù lọ. Wáyà tòótọ́, bàbà ni látinú dé òde. Ayédèrú rẹ̀, àlùmíníọ̀mù ni inú, wọ́n wá fi bàbà díẹ̀ pa á lára bí ẹni fi góòlù pa òrùka irin. CCA ni wọ́n ń kọ sí i, bí ẹni tó ṣe é bá lójú àánú tó láti kọ ọ́. Ó lè gbé àwòrán fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí iná bá wọ̀ ọ́, ó ń dènà iná tó bí ìgbà kan àbọ̀ ti bàbà, ó ń gbóná, ó sì tètè ń ṣẹ́ nídìí orí wáyà. Kò sí nínú èyí tí òfin gbà fún PoE rárá.

Kò ṣòro láti dá a mọ̀. Kí onílé gba ègé kan lọ́wọ́ oníṣẹ́, kó bó o, kó fi abẹ ha okùn inú rẹ̀. Bí funfun bá yọ lábẹ́ pupa, ayédèrú ni. Bí wọ́n bá ṣẹ́ ẹ síwá-sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mẹta mẹ́rin tó já, ayédèrú ni. Páálí rẹ̀ pàápàá fúyẹ́ lọ́wọ́ ju ti bàbà lọ. Kó ṣe èyí kí wọ́n tó fi síménǹtì bò ó mọ́nú ògiri o.

Ohun kan tún wà tí kò gba àwàdà. Iná tí PoE ń lò kò tó fóólìtì 60, irú èyí tí àwọn onímọ̀ kà sí iná tí kì í sábà pa ènìyàn. Iná NEPA jẹ́ 230. Àwọn kan wà tí wọ́n máa ń fi okùn méjì tó ṣẹ́kù nínú wáyà íntánẹ́ẹ̀tì gbé 230 lọ tan gílóòbù géètì. Okùn tó fẹ̀ ní ìdajì mìlímítà, tí rọ́bà rẹ̀ fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà, tó ń kọjá lórí òrùlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pákó gbígbẹ! Ilé lè gba ibẹ̀ jóná. Ẹni tó bá wá di wáyà yẹn mú lọ́jọ́ iwájú, tó rò pé ti íntánẹ́ẹ̀tì ni, ẹ̀mí ẹ̀ ló fi ń ṣeré láìmọ̀. Oníṣẹ́ tó bá dá irú ìyẹn lábàá, kí onílé san owó ọkọ̀ rẹ̀ kó máa lọ.

BÁTÌRÌ MÉLÒÓ?

Ẹ ṣírò rẹ̀. Kámẹ́rà mẹ́rin ní wáàtì 6, ó di 24. Àpótí ìgbàwòrán 12. Ráútà 8. Àpótí fáíbà 6. Ẹ̀rọ Wi-Fi òkè 8. Switch fúnra rẹ̀ 6. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 64. Bátìrì fóólìtì 12 kan tó jẹ́ 100Ah, wáàtì-wákàtí 1,200 ló wà nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ bátìrì olómi tàbí jẹ́ẹ̀lì, kò dáa kí wọ́n lò ó kọjá ìdajì, nítorí náà 600 ló kù. Yóò gbé gbogbo ojú ilé fún bí wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án, láti aago mẹ́wàá alẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Bí wọ́n bá tan ínfátà ńlá nítorí wọn ńkọ́? Ínfátà ńlá mìíràn ń jẹ tó wáàtì 50 fúnra rẹ̀ kó tó fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Wákàtí mẹ́jọ yẹn á wá sí bíi márùn-ún. Switch PoE kan wà tí wọ́n ṣe láti máa jẹ iná bátìrì tààrà, irú èyí ló dáa jù fún ilé. Àwọn tó sì ti ra bátìrì lítíọ̀mù fún sólà láìpẹ́ yìí, kí wọ́n lọ wo ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀: ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ 48 tàbí 51.2. Fóólìtì yàrá bátìrì ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ti padà wọ pálọ̀.

Lọ́jà kọ̀ǹpútà n'Íkẹjà, èèyàn lè rí switch PoE tókunbọ̀ tó ti ọ́fíìsì òyìnbó wá, oníhò 24 tàbí 48, owó rẹ̀ á sì fani mọ́ra. Irin gidi ni. Ṣùgbọ́n fáànù inú rẹ̀ ń ké bí ẹ̀rọ ìlọta, àwọn mìíràn nínú wọn sì ń jẹ wáàtì 40 sókè kí wọ́n tó fi wáyà kan bọ̀ ọ́. Ilé tó ní kámẹ́rà mẹ́rin, oníhò mẹ́jọ ti tó o.

Kì í sì ṣe gbogbo nǹkan ló lè gba wáyà yìí. Áyọ́ọ̀nù tó ń jẹ ẹgbẹ̀rún wáàtì, fíríìjì, àti ẹ̀rọ amúlétutù, kí wọ́n má dábàá rẹ̀. Gílóòbù LED lè gbà á. Ní ìlú Amsterdam, ilé alájà púpọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní The Edge ti ń fi wáyà íntánẹ́ẹ̀tì tan ẹgbẹẹgbẹ̀rún gílóòbù rẹ̀. Agogo ẹnu ọ̀nà lè gbà á. Tẹlifóònù orí tábìlì lè gbà á.

Òjò ńkọ́? Wáyà tó jáde lọ sí géètì ń bá ààrá ṣeré. Kò dìgbà tí ààrá bá bọ́ lu kámẹ́rà gan-an, bó bá sán nítòsí, iná òjijì lè gba wáyà wọlé, kó sun switch àti ohun gbogbo tó so mọ́ ọn. Ohun ìdènà kékeré kan wà tí wọ́n ń fi sẹ́nu wáyà tó bá wọlé láti ìta, tí wọ́n á sì so mọ́ irin tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Láìsí irin tó wọlẹ̀, ohun ìdènà yẹn di ọ̀ṣọ́.

Ó ku àpótí fáíbà, òun ni wọ́n sábà ń gbàgbé. Àwọn tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fáíbà á sọ pé iná lọ, iná ò lọ, tiwọn ò ní kú. Lóde, òótọ́ lè ni. Ṣùgbọ́n dígí ni inú wáyà fáíbà, dígí ò gbé iná. Àpótí kékeré tí wọ́n kàn mọ́ ògiri pálọ̀ ló ń tú ìmọ́lẹ̀ inú dígí náà sí ọ̀rọ̀, iná ilé ni òun sì ń jẹ. Bí kámẹ́rà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá wà láàyè tí àpótí yẹn kú, àwòrán á wà nílé, ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́ ò ní rí nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ irú àpótí yìí ló ń jẹ 12, wọ́n sì ń ta nǹkan pẹlẹbẹ kan tó ń gba PoE láti ara switch, tó ń sọ ọ́ di 12 lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, níbi tí ọ̀nà ò ti jìn.

Ẹni tó bá ti tò ó tán, kó má dúró de NEPA. Kó lọ pa iná gbogbo ilé láti ìdí mítà nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, kó jáde síta, kó fi fóònù ara rẹ̀ wo kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan fún wákàtí kan. Èyí tó bá pòórá, kó tọ wáyà rẹ̀ láti orí dé ìdí.